Káàdì Rahama

"Káàdì ọmọ mi dà? Bàbá Rahama, ẹ yéé tú àpótí tí ẹ mọ̀ pé kò sí nínú ẹ̀! Mo ní káàdì ọmọ mi dà?"

Hadiyyah dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbátí ilẹ̀kùn mú bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba ibẹ̀ sá lọ. Hamzah wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti tú àpótí aṣọ, ó ti da báàgì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ délẹ̀, ó ti gbé mátírẹ́ẹ̀sì sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé owó iná wà nílẹ̀. Ìwé owó ilé wà nílẹ̀. Káàdì ọsibítù tirẹ̀ wà níbẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ mẹ́ta tó kéré wà níbẹ̀. Ti Rahama nìkan ni kò sí.

Rahama fúnra rẹ̀ wà lórí ẹní ní pálọ̀, ó ká jọ, ó gbé orúnkún méjèèjì sáyà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni inú ti ń dùn ún. Ìrora náà kọ́kọ́ wà ní ìdodo, ó wá sọ̀kalẹ̀ sápá ọ̀tún, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Kókó tí ìyá rẹ̀ pò fún un lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ti wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó bì í padà kó tó tutù.

Àwọn aládùúgbò ti gbọ́. Ní Basin, àdúgbò wọn, ògiri ilé kì í pa àṣírí mọ́. Bàbá Àúdù tó ń gbé iwájú wọn ti dúró lójú fèrèsé, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ní kí wọ́n yéé fún ọmọ ní bísíkíìtì tí bàbá rẹ̀ ń kó bọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ó ní òun ní àgbo nílé. Adédoyin, aránṣọ ará Ìkìrun tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn, ti wọ bàtà ní tirẹ̀, ó sì ti dá kẹ̀kẹ́ dúró síta.

"Ìyá Rahama, ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ lọ ná. Káàdì á bá wa níbẹ̀."

"Àǹtí Adédoyin, ọsibítù yẹn kì í fi ẹnu lásán gba èèyàn. Ọkọ mi ní kí n dúró, òun ń wá káàdì. Láti ìgbà tí wọ́n ti pe ìrun ló ti ń wá a!"

Hamzah dìde. Ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún.

"Ó wà lọ́dọ̀ Àǹtí Jummai."

"Àǹtí Jummai wo?"

"Mélòó la ní?"

"Kí ni káàdì ọmọ mi ń wá ní Ọjà-Ọba?"

"Mo ní kó bá mi tọ́jú ẹ̀ ni."

"Ó bá yín tọ́jú ẹ̀." Hadiyyah wo àwọn káàdì márùn-ún tó wà nílẹ̀. "Márùn-ún yìí, ilé wa mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ti Rahama nìkan ló pọ̀ ju agbára ilé wa lọ."

Hamzah wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó jáde. Àwọn obìnrin méjèèjì gbé Rahama sínú kẹ̀kẹ́.

*

Jummai ni ẹ̀gbọ́n Hamzah obìnrin. Tùràrí, tẹ̀sùbáà àti bútà àlùwàlá ló ń tà, nínú ọ̀nà tóóró kan tó kọjú sí ààfin, ọ̀nà tó jẹ́ pé bí o bá sanra, ó di dandan kí o bẹ ẹni tó ń bọ̀ kó tó lè yà fún ọ. Kò tíì tẹ́ ọjà tán nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Ó gbọ́ ohun tó bá wá, ó tú ìdí ìró, ó yọ ọ̀rá kan jáde, ó yọ káàdì nínú ọ̀rá.

Àwòrán Rahama ló wà lára rẹ̀, ti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàlámátù, ọmọ Jummai, wàá búra pé òun ni. Iwájú orí ìyá Hamzah ni àwọn ọmọ méjèèjì gbé wáyé.

"Kí ló ń ṣe é?" ni Jummai bèèrè.

"Inú."

"Apá ọ̀tún?"

Hamzah ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Subuhanallahi. Bí ti Sàlámátù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Jummai ń fa ọ̀rá náà láàárín ìka. "Hamzah, má dárúkọ mi fún wọn o."

"Ta ni yóò bèèrè?"

Ó gbà gbọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí Hamzah mọ̀ nípa ìdójútòfò ìlera, tí wọ́n ń pè ní ínṣọ́ránsì, kò ju pé lóṣooṣù, kí owó tó dé ọwọ́ òun láti ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, wọ́n ti gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọsibítù, bóun ṣàìsàn, bóun ò ṣàìsàn. Ìwé pélébé kan ni wọ́n fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òyìnbó ni látòkè délẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin eèrà. Wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ tó ń yan bísíkíìtì kò sì dúró de ẹnikẹ́ni kó tó kà á tán. Hamzah fi ohun tó mọ̀ wọn ohun tí kò mọ̀: ó ní àjọ ni. Ẹni tó bá dá àjọ, ó lè ní kí ẹ̀gbọ́n òun kó o.

*

Nígbà tí Hamzah dé ọsibítù, wọ́n ti tẹ́ Rahama sórí bẹ́ẹ̀dì, omi ti ń kán sí i lára. Dókítà Ayọ̀díjí, ọkùnrin gbọọrọ kan tí ojú rẹ̀ ò rí oorun, ti fọwọ́ tẹ ikùn ọmọ náà, ó sì ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀: apẹ́ńdíìsì ni, ìfun kékeré kan tó ti wú, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lónìí, kó tó bẹ́ sínú ikùn.

"Àwa ti múra tán," ni dókítà wí. "Ẹ lọ parí tiyín lọ́dọ̀ Dúrótìmí."

Dúrótìmí ló jókòó sídìí tábìlì ínṣọ́ránsì, kọ̀ǹpútà kan níwájú, fáànù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gba káàdì, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ṣàlàyé bó ṣe ń ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn: òun yóò ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, wọn yóò fi kóòdù ránṣẹ́ padà, kóòdù náà ni yóò ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí kò bá sí kóòdù, àfi kí wọ́n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà sílẹ̀. Òfin ẹni tó ni ọsibítù ni.

"Kóòdù á wá," ni Hadiyyah wí. "Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń gé owó yìí."

Kóòdù kò wá. Ìdáhùn ló wá. Dúrótìmí kà á, ó tún un kà, ó wo Hadiyyah.

"Màmá, ọmọ mélòó lẹ ní tó ń jẹ́ Rahama?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Wọ́n ní àwọn ti sanwó láti yọ apẹ́ńdíìsì Rahama Hamzah lóṣù kejì ọdún tó kọjá. Ní ọsibítù tí ilé iṣẹ́ yín ń lò kí wọ́n tó yí i padà sí tiwa. Wọ́n ní èèyàn kì í ní méjì."

Hadiyyah rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Adédoyin kí àwọn jọ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti gba ilé ẹlòmíràn lọ! Ọmọ tí mo bí? Dókítà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ̀yin lẹ wo ikùn ẹ̀."

"Mo wò ó," ni Dókítà Ayọ̀díjí wí láti ẹnu ọ̀nà. "Kò sí àpá kankan níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ó wo Hamzah.

Hamzah ń wo fáànù.

Ẹ̀rín kúrò lójú Hadiyyah díẹ̀díẹ̀. "Sàlámátù," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Oṣù kejì ọdún tó kọjá. Mo se ọbẹ̀ ẹja lọ kí i. Ẹ̀yin lẹ bá mi gbé ìkòkò. Mo bèèrè lọ́wọ́ Àǹtí Jummai pé ta ló san owó, ó ní àánú ni. Àṣé Rahama ló san án."

"Ọmọ ń kú lọ nígbà yẹn, Hadiyyah."

"Èyí tó wà nínú ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Ó ń ṣeré ni?"

"Owó tèmi ni wọ́n ń gé!" Hamzah náà ti gbé ohùn sókè. "Lójú iná ni mo ti ń ṣe é, èmi nìkan! Ọdún mẹ́rin, a ò tíì lò ó ju ibà ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ṣé kó ṣòfò ni? Bí mo bá dá àjọ tí mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi kó o, ta ló kàn?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àjọ," ni Dúrótìmí wí. "Àjọ, tiyín ló ń dúró dè yín. Èyí, inú àpò kan náà ni gbogbo yín ń da owó sí, ẹni tí àìsàn bá kọ lù ni wọ́n ń fi tọ́jú. Bí ẹ ò bá ṣàìsàn, ẹ ò ní nǹkan kan níbẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ orúkọ."

"Ta ló sọ fún mi?"



"Ìwọ ọkùnrin yìí," ni Hadiyyah wí. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún nìyí tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ rí. Adédoyin gbọ́ ọ, ó yíjú sí ògiri. "Ìwọ ọkùnrin yìí, o gbé orúkọ ọmọ mi lọ sí orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, o ò sọ fún mi."

*

Ilé iṣẹ́ ni Hamzah pè. Olúwatóyìn, obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, gbé e.

"Ó wà nínú ìwé tí a fún yín, Ọ̀gbẹ́ni Hamzah. Ojú ewé keje. Ẹ sì fọwọ́ sí i."

"Màdáàmù, iṣẹ́ abẹ lónìí ni wọ́n ní."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ gbọ́, bí ẹ bá kọ lẹ́tà pé ẹlòmíràn ló lo káàdì yẹn, tí ẹni náà fara hàn, wọ́n lè tún àkọsílẹ̀ ọmọ yín ṣe. Wọ́n lè ṣe é ni mo wí o, mi ò ní wọ́n á ṣe é."

"Ilé iṣẹ́ ò wá lè yá mi lówó?"

"Ẹ kọ̀wé. Wọ́n á wò ó lọ́jọ́ Ajé."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wà.

Dúrótìmí náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ òótọ́, òótọ́ ló yá. Hamzah pe Jummai. Jummai fi igbe bọnu dé ibi tí gbogbo ẹni tó jókòó fi ń gbọ́ ọ.

"Kí n mú ọmọ mi wá kó wá máa ṣí ikùn fún ọkùnrin? Sàlámátù tó ti di wúńdíá? Kí wọ́n wá fi mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́! Hamzah, ṣé torí kí o lè tà mí lo ṣe fún mi ní káàdì?"

Hadiyyah na ọwọ́. Hamzah gbé fóònù fún un.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀. Ẹ ò jí ire bí? Èmi ni." Ó jẹ́ kí ẹnì kejì sọ tirẹ̀ tán. "Mi ò bá yín jà. Walahi, mi ò ní bá yín jà láéláé lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ bá wọ kẹ̀kẹ́ nísinsìnyí. Bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, Àǹtí, màá wá sí Ọjà-Ọba, màá jókòó sórí ọjà yín, màá sì máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra tẹ̀sùbáà."

Ó dá fóònù padà.

Bí wọ́n ti ń dúró, ó bọ́ yẹtí wúrà etí rẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. "Ẹ jẹ́ kí n lọ tà á," ló wí. "Pẹ̀lú ohun tí Àǹtí Adédoyin ní lọ́wọ́, ó lè tó. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀."

"Fi etí ẹ sílẹ̀," ni Hamzah dáhùn. "Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yanjú. Kóòdù ti fẹ́ dé, o wá fẹ́ lọ ta ohun ìyàwó? Kí wọ́n lè máa wí pé èmi Hamzah ò lè tọ́jú ilé?"

Ó wọ̀ ọ́ padà sétí.

Wọ́n kírun Àìlà ọ̀sán kí Jummai tó dé. Ó mú Sàlámátù lọ́wọ́, ọmọ náà ṣì wọ aṣọ ilé ìwé pẹ̀lú hìjáàbù funfun, kò tíì mọ ohun tí wọ́n mú òun wá ṣe. Hamzah jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ lẹ́tà bí Dúrótìmí ṣe ń pè é fún un. Èmi, Hamzah, ni mo fi káàdì ọmọ mi sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìkọ̀wé rẹ̀ rí bíi ti ọmọ pírámárì. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin, mú Sàlámátù lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ya àwòrán àpá rẹ̀, ó mú un padà. Ọmọ náà jáde, ó fa hìjáàbù rẹ̀ bo àyà, ó ní òun fẹ́ lọ jókòó ti Rahama.

Dúrótìmí fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Adédoyin lọ ra búrẹ́dì àti wàrà níta, ó pín in. Jummai nìkan ló jẹ ẹ́. Ó ní bí ọkàn òun bá ti ń gbóná, ẹnu òun ni kì í dúró. Láti inú yàrá, wọ́n ń gbọ́ Rahama tó ń kérora, kò pariwo, ó kàn ń ṣe é léraléra bí ẹni tó ń kéwú. Dókítà Ayọ̀díjí wá ní ìgbà mẹ́ta, ó bèèrè ohun kan náà ní ìgbà mẹ́ta, ó padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró lórí Dúrótìmí.

"Ṣé kí n pe ọ̀gá?"

"Mo ti pè é, dókítà. Ó ní kóòdù tàbí owó."

Nígbà tí ìdáhùn dé, oòrùn ti ń yí lọ. Dúrótìmí sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Wọ́n ní àwọn ti rí lẹ́tà, àwọn ti rí àwòrán. Wọ́n gbà pé Rahama kọ́ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún."

"Alhamdulillahi!" ni Hamzah wí. Ó di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Wọ́n dúpẹ́ pé ẹ sọ òótọ́." Dúrótìmí ń kà á lọ, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. "Nítorí náà, àwọn ti pa káàdì yín rẹ́ láti òní. Ẹ̀yin, ìyàwó yín, ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó iṣẹ́ abẹ ti ọdún tó kọjá, ilé iṣẹ́ yín yóò máa gé e nínú owó oṣù yín títí yóò fi tán."

"Kóòdù ńkọ́?"

"Kò sí kóòdù, Ẹ̀gbọ́n."

Jummai gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Hamzah gba tábìlì mú. Hadiyyah kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó bọ́ yẹtí méjèèjì, ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ó kó wọn sọ́wọ́ Adédoyin.

"Ọjà-Ọba. Iye tí wọ́n bá pè ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ má ná an."

Adédoyin sáré jáde, wọ́n gbọ́ ọ tó ń pe kẹ̀kẹ́.

Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó lọ nígbà tí Sàlámátù yọ sí wọn, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Màámi! Rahama ní kò dun òun mọ́!"

Gbogbo wọn wọlé. Òótọ́ ni. Rahama na ẹsẹ̀ gbalaja, ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. Òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ balẹ̀. "Ó kàn lọ ni," ló wí, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. "Ó já wìì, ó lọ. Màámi, òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Àdúà gbà!" Jummai gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mo ti ń pè É láti Ọjà-Ọba! Ẹni à ń bẹ̀ gbọ́! Ẹ wá wò ó, àwọn tó fẹ́ fi ọ̀bẹ ya ọmọ!"

Hamzah forí kanlẹ̀ lórí táìsì. Ìgbà tó dìde, omi wà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù.

"Àǹtí Adédoyin, níbo lẹ dé? Ẹ ò tíì tà á? Ẹ má tà á mọ́ o! Ẹ padà, ẹ máa bọ̀! Ọmọ ti gbádùn!" Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Àwọn ohun rẹ á padà sí ọ lára lónìí. Kó sùn díẹ̀, ká máa gbé e lọ sílé."

Hadiyyah jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu òógùn ojú ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín sí i, Rahama náà rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, Adédoyin wọlé, ó ń mí gúlegúle, ó ka yẹtí sọ́wọ́ Hadiyyah lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka ẹ̀gbà ọwọ́ tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Ayọ̀díjí ṣe bá wọn. Ó bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń yọ̀. Jummai ló sọ fún un. Dókítà gbé ọwọ́ lé ikùn Rahama, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ikùn náà kò tẹ̀. Ó le bíi pákó.

"Ìgbà wo ni ìrora yẹn dáwọ́ dúró?"

"Ó ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, dókítà," ni Hamzah wí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Wìì báyìí ló lọ."

Dókítà kò mú ọwọ́ kúrò lórí ikùn ọmọ náà.

"Ó ti bẹ́ sí i nínú," ló wí.